Kí Ọmọ Tó Fọwọ́ Síwèé: Líìgì Kékeré àti Yunifásítì fún Agbábọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n ní Onitsha

Òbí tó bá ní ọmọ gíga ní Onitsha, tí ọmọ náà sì mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n gbá, kì í pẹ́ tó fi máa ń gbọ́ ìmọ̀ràn méjì tó tako ara wọn. Àwọn kan á ní kí ọmọ fi bọ́ọ̀lù wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní yunifásítì Amẹ́ríkà. Àwọn mìíràn á ní ọdún mẹ́rin nínú kíláàsì ti pọ̀ jù, kí ó tètè bọ́ sínú líìgì kékeré tó ń sanwó, kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá wá bá a níbẹ̀. Èrò tí orí ìwé yìí dúró lé ni pé líìgì kékeré kì í ṣe ọ̀nà àbùjá rárá. Iṣẹ́ ni, àdéhùn iṣẹ́ náà ló sì yẹ ká fi díwọ̀n rẹ̀. Àwọn ará Onitsha mọ irú ìdíwọ̀n bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹbí tó bá fi ọmọ sọ́dọ̀ oníṣòwò ní Main Market kì í kọ́kọ́ bèèrè owó oṣù. Iye ọdún tí ọmọ máa fi sìn ni wọ́n ń bèèrè, àti ọjà tó máa kọ́, àti ohun tí ọ̀gá máa fi dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá parí. Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí náà ló yẹ ká bi ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìwé àdéhùn bọ́ọ̀lù wá. Tí a bá bi wọ́n, a ó rí i pé líìgì kékeré tó wà ní ilẹ̀ Áfíríkà wúlò fún ọmọ Onitsha ju ti Amẹ́ríkà lọ, àti pé ìgbà tó wúlò jù ni ìgbà tí kò bá ti ilẹ̀kùn yunifásítì mọ́ ọn.

NBA dá líìgì kékeré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2001 pẹ̀lú ẹgbẹ́ 8. Láti sáà 2017–18 ni wọ́n ti ń pè é ní G League, ẹgbẹ́ 31 ló sì wà nínú rẹ̀ báyìí. Ọmọ ọdún 18 lè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ṣùgbọ́n NBA fúnra rẹ̀ kì í gba ẹni tí kò bá ní pé ọdún 19 láàárín ọdún tí wọ́n bá ń ṣe ètò ìyàn, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń pín àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun láàárín ara wọn. Àdéhùn 2005 ló gbé òfin yìí kalẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà tó bá jáde girama ní láti wá ibi tó máa lo ọdún kan sí kí NBA tó lè yàn án, inú àlàfo ọdún kan yẹn sì ni gbogbo àríyànjiyàn nípa líìgì kékeré àti yunifásítì ti jáde wá. Ní oṣù kẹrin 2020, G League kéde ẹgbẹ́ àkànṣe kan, Ignite, tí wọ́n fẹ́ fi fa àwọn ọ̀dọ́ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ kúrò lójú ọ̀nà yunifásítì. Owó tí wọ́n gbé síwájú Jalen Green, ẹni àkọ́kọ́ tó darapọ̀, tó 500,000 dọ́là. Wọ́n yan Green sípò kejì ní 2021, wọ́n sì yan Jonathan Kuminga, ọmọ Kóńgò, sípò keje lọ́dún kan náà. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà yẹn, yunifásítì ti pàdánù.

Ṣùgbọ́n Ignite kò pẹ́ láyé. Lẹ́yìn sáà 2023–24 ni wọ́n tú u ká, ohun tó sì fà á ló yẹ kí òbí mọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2021, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ pawó. Ní oṣù kẹfà 2025, ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tó gba yunifásítì láyè láti pín owó fún àwọn eléré rẹ̀ tààrà, tó nǹkan bí mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lọ́dún kan fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan, láàárín gbogbo eré tí wọ́n ń ṣe. Owó ni líìgì kékeré fi ń ta yunifásítì yọ. Nígbà tí yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, kò sí ohun tí Ignite tún lè fi fa ọmọ mọ́ra. Overtime Elite, líìgì àwọn ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Atlanta ní 2021 pẹ̀lú ìlérí 100,000 dọ́là ó kéré tán fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, tètè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Láàárín ọdún kan ó ti fún àwọn ọmọ láyè láti má gba owó oṣù rárá, kí wọ́n má bàa pàdánù àǹfààní yunifásítì. Ẹni tó bá ṣì ń sọ fún yín lónìí pé líìgì kékeré Amẹ́ríkà dára ju yunifásítì lọ nítorí owó, ọ̀rọ̀ 2020 ló ń sọ.

Ká tún wo iye àyè tó wà. Yunifásítì tó ń gbá bọ́ọ̀lù ọkùnrin ní ìpele òkè NCAA ju 350 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè ní tó agbábọ́ọ̀lù 15. Ẹgbẹ́ G League kò ju 31 lọ, èèyàn bíi méjìlá tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ọmọ ọdún 18 máa bá du àyè níbẹ̀ ni ọkùnrin ẹni ọdún 24 àti 26 tó ti jáde yunifásítì, tí ara wọn ti le, tí wọ́n sì ń fi bọ́ọ̀lù bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Ẹ wo ọ̀nà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí NBA yàn láìpẹ́ yìí gbà. Udoka Azubuike jáde láti Kansas ní 2020, Charles Bassey láti Western Kentucky ní 2021, Adem Bona láti UCLA ní 2024. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kọ́kọ́ lo àkókò ní yunifásítì, lẹ́yìn tí NBA sì yàn wọ́n tán ni wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù ní G League. Àwọn tó ti gba G League kọjá sún mọ́ ìdajì gbogbo agbábọ́ọ̀lù NBA, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé lẹ́yìn yunifásítì ni wọ́n débẹ̀. Efe Abogidi, ọmọ Nàìjíríà tó fi Washington State sílẹ̀ bọ́ sí Ignite ní 2022, kò sí lára àwọn tí NBA yàn ní 2023. Ti ẹnì kan ṣoṣo kò lè jẹ́ òfin fún gbogbo èèyàn, síbẹ̀ ó fi hàn pé kéèyàn wà ní ilé NBA yàtọ̀ sí kéèyàn wọ NBA.

Atakò tí a máa ń gbọ́ jù ni ti Giannis Antetokounmpo. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ìyá rẹ̀ jẹ́ Igbo, kò sì fẹsẹ̀ kan yunifásítì kí Milwaukee tó yàn án sípò 15 ní 2013. Ìpele kejì líìgì Gíríìsì ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú ẹgbẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Filathlitikos. Ẹ wo àdéhùn tó wà nídìí ìtàn yẹn dáadáa. Ìlú tí wọ́n bí i sí ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, lójú òbí rẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré náà fún un láyè gbá bọ́ọ̀lù, nítorí náà ó ń kọ́ṣẹ́ nínú ìdíje àwọn àgbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí NBA tó yàn án, ó ti fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Zaragoza ní Spéènì, èyí tó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ń dúró dè é bí Amẹ́ríkà kò bá tiẹ̀ pè é. Ohun tí Giannis kọ́ wa ni pé líìgì kékeré máa ń gbé ọmọ ga nígbà tó bá sún mọ́ ilé, tó bá fún un láyè gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, tí ọ̀nà mìíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tó bá ti Onitsha lọ jókòó sí orí bẹ́ǹṣì ní ìlú òkèèrè kò tíì rí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Líìgì wo wá ló sún mọ́ Onitsha tó bẹ́ẹ̀? Basketball Africa League ni, BAL, tó bẹ̀rẹ̀ ní Kigali ní oṣù karùn-ún 2021. Rivers Hoopers ti Port Harcourt, tí kò jìnnà sí Onitsha, ṣojú Nàìjíríà nínú sáà àkọ́kọ́ yẹn. Kwara Falcons ti Ilorin lọ ní 2023, Rivers Hoopers tún padà lọ ní 2024, wọ́n sì gba ipò kẹta. Láti 2022, BAL ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní BAL Elevate: wọ́n ń mú ọmọ láti NBA Academy Africa ní Saly, ní Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n sì ń fi wọ́n sínú àwọn ẹgbẹ́ BAL, kí wọ́n lè bá àgbà gbá bọ́ọ̀lù láìtíì kúrò lójú ọ̀nà yunifásítì. Rueben Chinyelu, ọmọ Enugwu-Agidi ní Anambra níbí, gba Saly àti BAL kọjá kó tó lọ sí Washington State, lẹ́yìn náà Florida. Ní oṣù kẹrin 2025, ó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré nínú ẹgbẹ́ Florida tó borí Houston 65–63 láti gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà. Khaman Maluach, ọmọ Gúúsù Sudan, gba ọ̀nà kan náà lọ sí Duke, wọ́n sì yàn án sípò 10 ní 2025. Ulrich Chomche, ọmọ Kamẹrúùnù, ní tirẹ̀, kò gba yunifásítì kankan. Láti ilé-ẹ̀kọ́ Saly ni wọ́n ti yàn án sípò 57 ní 2024. Líìgì ilé ló gbé gbogbo wọn sójú ayé, ó sì kù sọ́wọ́ wọn láti pinnu bóyá yunifásítì ló kàn.

A kò gbọ́dọ̀ fi bò pé líìgì ilé ní àbùkù tirẹ̀. Ìjà àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Nàìjíríà, tó ti wà láti 2017, ti dá ìdíje líìgì wa dúró lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan nínú BAL ní 2022. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun yọ orílẹ̀-èdè wa kúrò nínú ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àgbáyé fún ọdún méjì. Wọ́n yí i padà ní oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n FIBA, àjọ àgbáyé eré náà, ti fi Mali rọ́pò àwọn obìnrin wa nínú Ife Àgbáyé. Ọmọ tó bá gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé líìgì ilé lè jí lọ́jọ́ kan kí ó rí i pé sáà kò ní bẹ̀rẹ̀. Ìdí gan-an nìyí tí mo fi ń sọ pé ilé-ìwé gbọ́dọ̀ máa lọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ti gba owó bọ́ọ̀lù kò lè ronú kan yunifásítì Amẹ́ríkà mọ́. Ìyẹn ti ń yí padà. Ní 2025, Thierry Darlan, ọmọ Central African Republic tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Ignite, wọ Santa Clara. Ní ìparí ọdún yẹn, James Nnaji, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà nínú ẹgbẹ́ Barcelona, tí wọ́n sì ti yàn sípò 31 ní 2023 láìtíì gbá bọ́ọ̀lù kankan nínú NBA, gba ìyọ̀ǹda láti gbá bọ́ọ̀lù fún Baylor. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kan bínú sí i gidigidi, NCAA sì sọ gbangba pé ẹni tó bá ti fọwọ́ sí àdéhùn NBA kò ní rí irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀. Ohun tí òbí máa mú níbẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn náà ti ṣí díẹ̀, kò sì dájú pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà. Ẹ má ṣe fi ọmọ lé orí ìyọ̀ǹda tí ẹlòmíràn gbà. Òfin tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Òfin náà fàyè gba ọmọ tí kò tíì wọ yunifásítì láti wà nínú ẹgbẹ́ tó ń sanwó, bí ohun tó ń gbà kò bá ju ìnáwó gidi lọ: oúnjẹ, ọkọ̀, ibùgbé, aṣọ eré, ìtọ́jú ara. Nítorí náà, ẹ kọ gbogbo owó tí ẹgbẹ́ kankan bá fún ọmọ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀, kí ẹ sì gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tó sọ ohun tí owó náà wà fún. Ohun kejì ni àkókò. Láti ọjọ́ tó yẹ kí ọmọ jáde girama ni NCAA ti ń ka ọjọ́ fún un. Tó bá ju ọdún kan lọ tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje láìwọ yunifásítì, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sáà kúrò nínú mẹ́rin tó ní. Ọmọ tó jáde Dennis Memorial tàbí Christ the King College ní ọdún 17, tó wá lo ọdún mẹ́ta ní líìgì kó tó béèrè fún yunifásítì, á ti fi púpọ̀ nínú àǹfààní rẹ̀ ṣòfò láìmọ̀.

Àwọn òbí tí nǹkan le fún á bi wá léèrè pé owó òní ńkọ́. Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ ká fi ìmọ̀ràn rere bò ó mọ́lẹ̀. Ní sáà 2023–24, owó ìpìlẹ̀ G League jẹ́ 40,500 dọ́là fún sáà oṣù márùn-ún, ẹgbẹ́ sì ń pèsè ibùgbé àti adójútòfò ìlera. Lójú ẹni tó ń fi náírà ṣírò, owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n owó orí máa jáde nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ lè dá agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ láàárín sáà, oṣù méje yòókù nínú ọdún kò sì ní owó. Orúnkún tó bá bàjẹ́ lọ́dún kejì máa parí gbogbo rẹ̀, tí ọmọ á sì padà sílé láìní ìwé ẹ̀rí kankan. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní yunifásítì lè san owó ilé-ìwé, oúnjẹ àti ibùgbé fún ọdún mẹ́rin, iye tí ìyẹn sì tó lọ́dún kan lè ju owó G League lọ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé. Nípa owó tí yunifásítì ń pín báyìí, ìkìlọ̀ kan wà tí àwọn tó ń gbé ọmọ lọ kì í sábà sọ: físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, kò gba àjèjì láyè láti ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú. Ọmọ Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ nínú owó orúkọ àti àwòrán láìjẹ́ pé ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì nílé-ìwé rẹ̀ àti agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Àwọn kan á sọ pé ọmọ wọn kò fẹ́ràn ìwé, bọ́ọ̀lù nìkan ló mọ̀. Kò burú, ìwé kì í ṣe fún gbogbo èèyàn ní ọdún 18. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí WAEC kò gba pé kéèyàn jẹ́ ọ̀mọ̀wé, òun sì ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn tí a ti ń dárúkọ láti òkè. NCAA máa ń yẹ èsì rẹ̀ wò fún Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Àwọn ilé-ìwé wa níhìn-ín náà tún wà. Ọmọ tó bá wọ Nnamdi Azikiwe University ní Awka lè máa gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì nínú ìdíje NUGA, tó ti wà láti 1966, kí ó sì máa bá ẹgbẹ́ líìgì ṣe ìdánrawò ní ìgbà ìsinmi. Azikiwe tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ìwé náà, ọmọ Onitsha ni. Eléré ìdárayá tó wọkọ̀ ojú omi lọ kàwé ní Amẹ́ríkà ní 1925 sì ni. Hakeem Olajuwon náà, ọmọ Yorùbá láti Èkó, kó tó di ẹni àkọ́kọ́ tí NBA yàn ní 1984, Yunifásítì Houston ló ti kọ́ eré náà yanjú, nítorí pé kò tíì pẹ́ rárá tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kó tó kúrò nílé. Ọmọ tó bá pẹ́ kó tó mọ bọ́ọ̀lù, bí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ṣe máa ń pẹ́, nílò ibi tí wọ́n ti máa fi sùúrù kọ́ ọ. Líìgì tó ń sanwó kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Atakò tó lágbára jù lọ ni ti físà. Ní oṣù keje 2025, púpọ̀ nínú físà Amẹ́ríkà tí kì í ṣe ti ìṣípòpadà di ti oṣù mẹ́ta àti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún ọmọ Nàìjíríà, ìdènà sì ti pọ̀ sí i láti ìgbà yẹn. Bí ilẹ̀kùn akẹ́kọ̀ọ́ bá tì, kí ni ọmọ máa ṣe? Níbẹ̀ ni líìgì kékeré ti di ọ̀nà àkọ́kọ́ lóòótọ́, yálà nílé, ní Rwanda, ní Tùnísíà, tàbí ní ìpele kejì líìgì Spéènì àti Faransé. NBA fúnra rẹ̀ kò ní kí ọmọ àjèjì kọ́kọ́ wọ yunifásítì. Ó lè fi orúkọ sílẹ̀ fún ìyàn ní ọdún tó bá pé 19, bí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ máa wọlé fúnra rẹ̀ ní ọdún tó bá pé 22. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ di òfin FIBA mú. FIBA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 18 ti orílẹ̀-èdè kan lọ gbá bọ́ọ̀lù ní òmíràn, àfi nígbà tí ìdí pàtàkì bá wà tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ọdún 18, àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè tí ọmọ ti ń bọ̀ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda fún un. Aṣojú tó bá ń bá a dúnàádúrà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ FIBA, kò sì gbọ́dọ̀ gbà ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ọmọ lọ. Kí ẹ sì rí i pé gbólóhùn kan wà nínú ìwé àdéhùn tó ní kí ìjà owó lọ sí Basketball Arbitral Tribunal ní Switzerland. Láìsí gbólóhùn yẹn, ẹgbẹ́ tó bá kọ̀ láti sanwó lè gbé ọmọ lọ sí ilé-ẹjọ́ ìlú tí kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gba ọ̀nà yunifásítì Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìwé ìgbàwọlé I-20, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń béèrè físà, kì í ṣe ohun títà. Ilé-ìwé tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ló ń fún ọmọ, òbí sì lè wá orúkọ ilé-ìwé náà lórí ìkànnì ìjọba wọn kí ó tó san 350 dọ́là owó ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì tí wọ́n ń pè ní SEVIS. Olórí ilé-ìwé kan ní Charlotte, ní North Carolina, ti lọ sẹ́wọ̀n lórí irú ọ̀rọ̀ yìí: ó ń gba nǹkan bí 1,000 dọ́là lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan láti fi orúkọ wọn sílẹ̀ ní ilé-ìwé tí wọn kò wá rí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sì jẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n láti òkèèrè. Ọjọ́ orí náà kò gbọ́dọ̀ yí. Ìwé ìbí láti ọ̀dọ̀ National Population Commission, páṣípọ́ọ̀tù àti ìwé WAEC gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ kan náà. Ọmọ tí wọ́n bá fi ọdún méjì gé kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ láti fi tà á yóò máa gbé ẹ̀rù yẹn kiri láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́.

Ti àwọn ọmọbìnrin yàtọ̀, ó sì yẹ kí òbí wọn mọ̀ ọ́n lọ́tọ̀. Àwọn obìnrin wa, D'Tigress, ti gba AfroBasket ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún léra láti 2017 dé 2025, àwọn sì ni ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó dé ìpele kọ́tà-fáínà nínú Òlíḿpíìkì, ní Paris ní 2024. Rena Wakama tó ń darí wọn gba yunifásítì Amẹ́ríkà kọjá. WNBA kò ní líìgì kékeré tó dà bíi G League, ẹgbẹ́ 13 péré ló sì ní ní 2025, nítorí náà ọmọbìnrin tí wọ́n bá dá sílẹ̀ níbẹ̀ kò ní ibi tó máa bọ́ sí nítòsí. Lọ́wọ́ kan náà, yunifásítì tó ń gbá bọ́ọ̀lù obìnrin pọ̀ tó ti ọkùnrin, àwọn tó ń wá ọmọ gíga láti Áfíríkà sì ń pọ̀ sí i. Ọmọbìnrin tí kò bá gba yunifásítì Amẹ́ríkà lè wọ ìyàn WNBA ní ọdún tó bá pé 20, ọmọ Amẹ́ríkà sì gbọ́dọ̀ pé 22. Àǹfààní ọdún méjì yẹn wúlò fún ẹni tó bá ti ń ṣe dáadáa ní Yúróòpù. Fún èyí tó kù, ẹ jẹ́ kí WAEC rẹ̀ pé ní ìjókòó àkọ́kọ́, kí ẹ máa ya fídíò eré rẹ̀ láti SS1, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì fúnra yín. Àdírẹ́sì ọ́fíìsì wọn wà lórí ìkànnì ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gbowó lọ́wọ́ yín láti bá yín kọ ọ́.